60 fóltì, 15 ámpù: kí ló dé tí 2N3055 mi fi ń jó?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nídìí títún rédíò àti inverter ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo to power supply kan fún ara mi, tí mo fẹ́ máa fi yẹ iṣẹ́ wò, kí n sì lè máa fi ṣájì bátìrì. Tiransfọ́mà 24 fóltì ni mo lò, mo fi bridge (dáyóòdù mẹ́rin tó ń sọ AC di DC) àti kapásítọ̀ 10,000 µF sí i, transistor kékeré BC547 ń ti transistor ńlá 2N3055 kan, 12 fóltì ló ń jáde. Bí mo bá fi gílóòbù kékeré sí i, ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá gbé ẹrù ámpù 5 lé e, kì í pẹ́ tó fi ń kú. Mẹ́ta ti jó báyìí. Ohun tí wọ́n kọ sínú datasheet, ìwé àlàyé rẹ̀, ni pé ó gba 60 fóltì àti 15 ámpù, mi ò sì tíì lo tó ìyẹn rárá. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n wá ra èyí tó ga jù ú lọ. Ṣé àyédèrú ni, àbí èmi ni mo ṣe é? IRF3205, irú transistor mìíràn tí wọ́n ń pè ní FET, tí wọ́n kọ 110 ámpù sí ńkọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú àdánù mẹ́ta. Mo dúpẹ́ pé o sọ tiransfọ́mà tí o lò àti ẹrù tí o gbé lé e. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ̀wé sí mi pé "transistor mi ń jó, kí ni kí n ṣe?", bí ẹni tó délé ìwòsàn, tó ní ara ń ro òun, tó wá dákẹ́.

Má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Ó lè jẹ́ àyédèrú lóòótọ́, mo sì máa sọ bí o ṣe máa mọ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n bí o ṣe to iṣẹ́ yìí, ojúlówó tí RCA fúnra wọn ṣe, àwọn tó kọ́kọ́ gbé 2N3055 jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun náà á jó. Èyí "tó ga jù" tí wọ́n ní kí o rà ńkọ́? Bó bá jẹ́ fóltì rẹ̀ tàbí ámpù rẹ̀ nìkan ló fi ga, á jó pẹ̀lú.

Ohun tó ṣì ọ́ lọ́nà ni pé o ka 60 àti 15 bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Wo alábàárù inú ọjà. Ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò. Ó lè sáré. Ó lè wà lórí ìrìn láti àárọ̀ dalẹ́. Irọ́ kankan ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó ru sìmẹ́ǹtì, kó máa fi sáré, láti àárọ̀ dalẹ́, o ti pa ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Bákan náà ni 60 fóltì ṣe jẹ́ ohun tí transistor lè fara dà nígbà tó bá tì pa, tí nǹkan kan ò gba inú rẹ̀ kọjá. 15 ámpù sì ni ohun tó lè gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó bá ṣí gbayawu, tí fóltì tó kù láàárín collector, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé, àti emitter, ẹsẹ̀ tó ń gbà jáde, ò tó nǹkan. Bó bá wá wà láàárín méjèèjì, tí kò tì, tí kò sì ṣí tán, ibẹ̀ gan-an sì ni power supply bíi tìrẹ máa ń fi í sí, nọ́ńbà kẹta ló ń pàṣẹ: 115 wáàtì.

Fi 60 lọ́po 15, ó di 900 wáàtì. Ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí 900 fún ọ. Bí o bá fẹ́ kí 15 ámpù kọjá, pín 115 sí 15: fóltì tó wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 7.6 lọ. Bí 40 fóltì bá wà lórí rẹ̀, ámpù tó lè gbà kò tó 3. Ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n fi 40 fóltì dán an wò pẹ̀lú 2.87 ámpù fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣírò rẹ̀ wò, 115 wáàtì géérégé ni.

Ó yá, jẹ́ ká ṣírò tìrẹ. Mítà ń ka 24 lẹ́nu tiransfọ́mà, ṣùgbọ́n AC nìyẹn. Góńgó rẹ̀ ni kapásítọ̀ máa ń dì mú: 24 lọ́po 1.414, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34. Bridge á jẹ bíi 1.4 níbẹ̀, ó ku nǹkan bí 32.5. Tí ẹrù bá gùn ún, ó máa jábọ̀ díẹ̀, ká kúkú pè é ní 30. Ohun tó ń jáde jẹ́ 12. Níbo ni 18 tó kù wọlé sí? Orí 2N3055 ló jókòó sí. 18 fóltì lọ́po 5 ámpù jẹ́ 90 wáàtì. Soldering iron tí o fi ń ṣiṣẹ́ lè má ju 40 tàbí 60 wáàtì lọ, o sì mọ ohun tó ń ṣe sí ìka ẹni. 90 wáàtì lo kó sínú nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

O lè ní, "Ọ̀gá, 90 ò tíì tó 115 kẹ̀." Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú rèé, èmi náà ti ṣubú níbẹ̀. Tún ìlà yẹn kà. Wọ́n kọ Tc = 25°C sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kékeré báyìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 115 yẹn wà fún ìgbà tí irin ara transistor bá tutù tó dígírì 25, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn. Lókè 25, dígírì kọ̀ọ̀kan ń yọ 0.657 wáàtì kúrò. Bí ara rẹ̀ bá dé 100, 115 ti di nǹkan bí 66. Bó bá dé 150, ó ku 33. Ní 200, òdo ni. Ta ló wá lè mú ara transistor tó ru 90 wáàtì dúró sí 25 ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lásán lè dé 35 lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà? Àfi bí o bá ń da omi dídì lé e lórí.

Ọ̀nà tí mo fi ń rò ó kò ṣòro, nítorí o ti mọ rẹ̀sístọ̀. Ooru ń rìn bí iná ṣe ń rìn: ó ń ti ibi tó ga lọ síbi tó rẹlẹ̀, ó sì ń bá ìdènà pàdé lójú ọ̀nà. Wáàtì dúró fún ámpù, dígírì dúró fún fóltì. Ìdènà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà 2N3055. Èkíní wà láàárín ọkàn rẹ̀, ìyẹn ègé sílíkọ́nì inú lọ́hùn-ún, àti irin ara rẹ̀. 1.52 dígírì fún wáàtì kan ni datasheet fún un, kò sì sí ohun tí ìwọ tàbí èmi lè ṣe sí i, wọ́n ti ṣe é láti ilé iṣẹ́. Èkejì ni máíkà tí o fi sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa kan heatsink, irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, torí collector ni gbogbo irin ara yẹn. Bí o bá fi páàsìtì funfun yẹn sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ká ka 0.5 sí i. Ẹ̀kẹta ni heatsink sí afẹ́fẹ́. Alumíníọ̀mù tó ní abẹ́bẹ́ lára dáadáa, tó fẹ̀ ju ọwọ́ méjì lọ, tí kò ní fáànù, o lè rí bíi 1.5 níbẹ̀, mo sì lawọ́ sí ọ nìyẹn. Pa á pọ̀: 3.5 dígírì fún wáàtì kan.

90 lọ́po 3.5 jẹ́ 315. Fi 35 ti afẹ́fẹ́ kún un: 350 dígírì ni ọkàn transistor rẹ ń lọ. 200 ni òpin tí wọ́n fún un. Lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó nǹkan mọ́ra gan-an ti ń yọ́ kí ó tó dé 200. Kò lè dé 350 kó tó kú, ìdí nìyẹn tí kò fi ń pẹ́.

Wá dà á kọ. 200 yọ 35, ó ku 165. Pín in sí 3.5, ó jẹ́ 47 wáàtì. Ẹnu bèbè nìyẹn. Èmi ò kì í jẹ́ kí ọkàn transistor kọjá 150 nínú iṣẹ́ tí mo bá fẹ́ gba owó lé lórí, nítorí náà 33 wáàtì ni mo máa fún un. Ṣé o rí bí 115 ṣe di 33, láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́ fún ọ?

Jẹ́ kí n sọ ti ara mi díẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé amplifier kan wá láti ilé ìjọsìn kan, mo pààrọ̀ 2N3055 méjì inú rẹ̀. Páàsìtì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi máíkà gbígbẹ sábẹ́ wọn, mo sì dè é pinpin. Mo tan án, mo fọwọ́ kan heatsink, ó tutù nini. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ yọrí. Ọjọ́ Ìsinmi, ó kú kí wọ́n tó kọrin kejì tán. Ọ̀gá mi kò bínú, ó kàn ta ẹ̀kán omi kan lé orí transistor kejì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Omi náà hó ṣàà, ó gbẹ. Heatsink tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Heatsink tó tutù lábẹ́ transistor tó ń ṣiṣẹ́ líle, àmì burúkú ni: ooru kò rí ọ̀nà débẹ̀. Máíkà gbígbẹ lè sọ 0.5 yẹn di ohun tó ju 1 lọ. Láti ọjọ́ náà, orí transistor ni mo ti ń wọn ooru, n kì í wọ̀n ọ́n lára heatsink mọ́.

Kí lo máa wá ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni láti fi 2N3055 kejì kún un. Ó dára, ṣùgbọ́n òun nìkan ò tó. Méjì lórí heatsink kan náà, 45 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan: heatsink ṣì ń ru 90, á gbóná dé 35 àti 135, ìyẹn 170, láti ibẹ̀ dé ọkàn, fi bíi 91 kún un. 261 dígírì. Dípò transistor kan, méjì lo máa pa.

Orísun wàhálà ni kí o lọ bá. Tiransfọ́mà 24 ga jù fún 12. Mú ti 18 fóltì, torí o ní o fẹ́ fi ṣájì bátìrì, bátìrì sì máa ń bèèrè 14.4. Láti inú 18 yẹn, nǹkan bí 21 ni wàá rí nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ní 14.4, 2N3055 á ru 6.6 lọ́po 5, ìyẹn 33 wáàtì. Ní 12, 45 wáàtì. Pín ìyẹn fún méjì: heatsink á dé nǹkan bí 103 nínú ọ̀sán Ẹrẹ́nà, ọkàn ọ̀kọ̀ọ̀kan á dé nǹkan bí 148. Ó wọlé, ó há díẹ̀. Fi fáànù kọ̀ǹpútà kan fẹ́ ẹ, o lè sùn. Bó bá jẹ́ 12 fóltì nìkan ni o fẹ́, tiransfọ́mà 15 tó, o ò sì nílò fáànù. Rí i pé wáyà tiransfọ́mà náà lè fún ọ ní bíi 8 ámpù AC, torí 5 ámpù DC lẹ́yìn kapásítọ̀ ń fà á ju 5 lọ.

Má so emitter méjèèjì pọ̀ tààrà o. Bí transistor bá ń gbóná, fóltì tí base rẹ̀, ẹsẹ̀ tí a fi ń ṣí i, ń bèèrè máa ń dín kù, bíi mílífóltì 2 fún dígírì kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ gbóná á wá máa gba ìpín èkejì, á tún gbóná sí i, á tún gba sí i, títí ọ̀kan á fi máa ru gbogbo ẹrù, tí ìkejì ń wò ó. Fi rẹ̀sístọ̀ 0.1 ohm, 5 wáàtì, sí ẹsẹ̀ emitter kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fẹ́ ṣe wọ̀bìà, rẹ̀sístọ̀ tirẹ̀ á dá a padà.

BC547 wá kàn. Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí 2N3055 jó? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé òun náà ti kú. Ìwọ̀n tí 2N3055 ń fi mú iná base pọ̀ sí i, datasheet ní ó wà láàárín 20 sí 70 nígbà tí 4 ámpù bá ń kọjá. Máa ka èyí tó kéré jù, torí o ò mọ èyí tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́. 5 ámpù pín sí 20 jẹ́ 250 mílíámpù. 100 ni òpin BC547. Tún wo wáàtì: 18 lọ́po 0.25 jẹ́ 4.5 wáàtì, nígbà tó jẹ́ pé 0.625 wáàtì ni BC547 lè gbà nínú afẹ́fẹ́ tó tutù tó 25. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ kú nínú wọn, tó ṣọ́ọ̀tì, tó sì ṣílẹ̀kùn 2N3055 sílẹ̀ gbayawu. BD139 ni kí o fi sípò rẹ̀, 80 fóltì, 1.5 ámpù, pẹ̀lú alumíníọ̀mù kékeré lára. Ohun mìíràn tún wà: 45 ni fóltì BC547. Ní òru tí gbogbo àdúgbò ti pa nǹkan, tí iná NEPA wá ga dé 260, 24 rẹ á di 27, kapásítọ̀ á dé 37, tiransfọ́mà tí kò sì ní ẹrù tún máa ń fi díẹ̀ lé e. O ti ń rìn lẹ́bàá ihò nígbà náà. Ní tèmi, n kì í jẹ́ kí fóltì gidi kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ.

Nǹkan kan ṣì wà tí ooru nìkan ò lè ṣàlàyé. Bí o bá fi ṣájì bátìrì, lọ́jọ́ kan, ẹnu clip méjèèjì á kan ara wọn. Gbogbo fóltì inú kapásítọ̀ á bọ́ sórí 2N3055, ámpù á sì ru gùdù. O lè rò pé ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó láti mú un gbóná. Rárá. Ṣí datasheet dé ibi tí wọ́n ya àwòrán kan sí, tí wọ́n pè ní Safe Operating Area. Fóltì wà nísàlẹ̀, ámpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà òkè tó lọ gbọọrọ ni òpin ámpù, ìlà tó dàgẹ̀rẹ̀ ni wáàtì, ìlà ọ̀tún tó dúró ṣánṣán ni fóltì. Ṣùgbọ́n láàárín wáàtì àti fóltì, ìlà kan tún wà tó dàgẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ ju ti wáàtì lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní second breakdown. Bí fóltì bá ga tí ámpù sì ń kọjá, iná kì í pín káàkiri ojú sílíkọ́nì mọ́, ojú kan ló máa ń ṣù jọ sí. Ojú kan yẹn á gbóná, á tún fa iná sí i, á sì dá ihò síbẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí heatsink tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Bí o bá bá transistor tó ti ṣọ́ọ̀tì láàárín collector àti emitter, tí ara rẹ̀ ò gbóná rárá, òun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Fíúsì ò lè gbà ọ́ níbẹ̀, kò yára tó. Ohun tó máa gbà ọ́ ni kí o dí ámpù lọ́nà. Fi rẹ̀sístọ̀ 0.1 ohm kan sójú ọ̀nà ohun tó ń jáde, kí o fi base àti emitter BC547 dúró sí orí rẹ̀. Bí 6 ámpù bá kọjá, 0.6 fóltì á wà níbẹ̀, BC547 á ṣí, á sì fa base BD139 wálẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ BC547 nìyẹn. 6 ámpù lórí bíi 20 fóltì ṣì pọ̀, 120 wáàtì lórí méjì, heatsink ò ní fara dà á pẹ́, ṣùgbọ́n ó fún ọ láyè láti sáré fa clip kúrò.

Àwọn nọ́ńbà fóltì yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bí o bá rí 100 fóltì lára 2N3055 náà, collector sí base nìyẹn. Má kà á, 60 ti collector sí emitter ni tìrẹ. 7 fóltì ni ti emitter sí base tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Bí o bá ń kọjá rẹ̀, transistor lè má kú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ìyẹn sì ń tan oníṣẹ́ ju ikú lọ. Bákan náà, bí o bá fi BC547 tan relay 12 fóltì láìfi dáyóòdù 1N4007 sí orí kọ́ìlì rẹ̀, ìgbà tí o bá pa á ni kọ́ìlì á ta padà, fóltì rẹ̀ sì lè ju 100 lọ fún ìgbà díẹ̀. 12 lo rò pé o lò, 45 ni transistor lè gbà, òun sì rí ohun tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Ó ku IRF3205. 55 fóltì, 110 ámpù, 8 mílíohm. 110 yẹn tún jẹ́ ti ara tó tutù sí 25, kódà àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé ẹsẹ̀ àti wáyà inú rẹ̀ kò lè gbà ju 75 lọ. Láìsí heatsink, ìdènà ooru rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ jẹ́ 62. 150 yọ 35, pín in sí 62, kò tó 2 wáàtì. Bó bá sì ti gbóná, 8 mílíohm rẹ̀ lè ti di 14. Ámpù tó máa kọjá nígbà náà kò ju bíi 11 lọ. Láti 110 sí 11, FET kan náà. Lórí heatsink dáadáa, mo máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20 sí 25, mo sì ti sùn lórí ìyẹn fún ọdún púpọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa á jù ní àdúgbò wa, fóltì ni. Àwọn kan máa ń mú board inverter 12 fóltì, wọ́n á pààrọ̀ tiransfọ́mà, wọ́n á fi bátìrì méjì sí i kó di 24, wọ́n á sì fi IRF3205 yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ irú tiransfọ́mà tí bátìrì wọ àárín rẹ̀, tí FET ń fa apá ọ̀tún, tó tún ń fa apá òsì, èyí tó bá tì pa máa ń rí ìlọ́po méjì fóltì bátìrì. Bátìrì 24 tó kún dé 28.8, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 57.6. O ti kọjá 55 kí a tó ka fóltì tí wáyà ń ta padà mọ́ ọn. Inverter náà á máa ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, á wá kú ní ọ̀sán gangan tí oòrùn ṣájì rẹ̀ kún, oníbàárà á sì ní sólà ló jó o. Irú èyí tó gba 100 fóltì, bí IRFB4110, ni kí o lò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ FET mẹ́rin tó yí tiransfọ́mà ká ni, fóltì bátìrì nìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí, 55 lè gbé 24 níbẹ̀.

Tún máa wo gate rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ tí a fi ń ṣí FET. 20 fóltì ni òpin, ṣùgbọ́n kó tó ṣí tán, ó fẹ́ 10. Bí fóltì tó ń ti gate bá rẹlẹ̀, FET á dúró lágbede méjì bí 2N3055 rẹ, ìgbà náà ni 110 ámpù á di ìtàn.

Ọ̀rọ̀ àyédèrú. Mú ọ̀kan nínú mẹ́ta tó jó, fi fáìlì ha etí ìdérí rẹ̀ títí ó fi ṣí. Wo ègé sílíkọ́nì inú rẹ̀ àti bí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe nípọn. Bí ègé náà bá jẹ́ tíńtín bí ẹni gé èékánná ọmọ ọwọ́, tí irin náà sì fúyẹ́, àyédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Fi wé ti amplifier àtijọ́ kan tó ti kú, wàá rí ìyàtọ̀ láìsí mítà. Ti 2N3055 nìkan ni mo ní kí o ṣí o. Àwọn transistor rédíò ńlá tó ní funfun bí tánńganran nínú, má fọ́ wọn, má fi fáìlì ha wọn: beryllium oxide lè wà nínú funfun yẹn, èérún rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nígbà tí o bá to tuntun tán, má fi rédíò oníbàárà dán an wò. Wá gílóòbù iwájú ọkọ̀, 12 fóltì, 55 wáàtì. Á fa bíi 4.6 ámpù. So probe ooru mítà rẹ mọ́ orí 2N3055 méjèèjì, kí o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ru, fi lọ́po 1.52, fi kún ohun tí mítà kà: ooru ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Bí orí rẹ̀ bá ti kọjá 110, pa á, kí o wá fáànù. Bí ọ̀kan bá fi dígírì mẹ́wàá gbóná ju èkejì lọ, wo páàsìtì rẹ̀ àti rẹ̀sístọ̀ emitter rẹ̀. Má sì jẹ́ kí àyà rẹ já bí gílóòbù náà bá kọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú kó tó mọ́lẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ tó tutù ló fẹ́ fa ámpù púpọ̀, BC547 tí o fi sípò tuntun yẹn ló ń sọ fún un pé 6 ni.